Jáàkì Kì í Ṣe Òpó



Ní ilé iṣẹ́, a kì í gbà kí ọ̀gá kankan rán ọmọ ẹgbẹ́ wa wọ abẹ́ ẹ̀rọ tí kò sí ohun gidi tí ó gbé e dúró. Bí ó bá dán an wò, a ó da iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà yóò fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè nínú àgbàlá, yóò tẹ́ ẹní, yóò sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀gá tí ó rán an.

A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì kò kéré. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ jáàkì ni láti gbé ọkọ̀ sókè, kì í ṣe láti gbé e dúró. Rọ́bà inú jáàkì olóyìnlì lè jò, jáàkì tí a ń fi ọwọ́ yí lè yẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kilo. Ogún àpò ni tọ́ọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré sì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyà ta ni yóò gbà á?

Òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà fún ẹni tí ó fara pa nídìí iṣẹ́. Kò sí fún ẹni tí ọkọ̀ ara rẹ̀ já lù nílé. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè náà.

Sítáǹdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, ni ó yẹ kí ó gbé ọkọ̀ dúró. Ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú ni kí ẹ lò. Ẹ fi ọkọ̀ sí jíà, ẹ fa bíréékì ọwọ́, kí ẹ sì fi igi dí táyà tí yóò wà nílẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn ni bíréékì ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń dì mú. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè, kò wúlò mọ́.

Ẹ wo iye tọ́ọ̀nù tí a kọ sára sítáǹdì. Ẹ fi méjì tí gíga wọn dọ́gba sí ibi líle tí ìwé ọkọ̀ tọ́ka sí, kì í ṣe abẹ́ àgbá oyìnlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ rọra sọ jáàkì kalẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi jókòó lé wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tì í dáadáa. Bí yóò bá ṣubú, kí ó ṣubú nígbà tí ẹ wà lóde. Ẹ ti táyà tí ẹ yọ sábẹ́ ọkọ̀. Kí àgbàlagbà kan wà nítòsí, kí àwọn ọmọdé jìnnà.

Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe sítáǹdì. Ògiri ni a ṣe é fún. Lábẹ́ ọkọ̀, ó lè fọ́ lójijì.

Ẹ ó sọ pé sítáǹdì wọ́n. Nítorí náà ni a fi ń dá a lábàá pé kí ẹ̀ka wa fi owó ẹgbẹ́ ra méjì méjì, kí ọmọ ẹgbẹ́ máa yá wọn ní ọjọ́ Jímọ́, kí ó dá wọn padà ní ọjọ́ Ajé. Kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń dá owó òkú kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò rí owó sítáǹdì.