Àdínkù Owó-Orí fún Ìwé Ìròyìn: Ta Ni Ó Tọ́ Sí?

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ìjọba kan ní òkè òkun ti ń bá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn gbé lára ẹrù owó-oṣù akọ̀ròyìn. Ọ̀nà owó-orí ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ní ọdún 2019, Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí dá 25 nínú 100 owó-oṣù akọ̀ròyìn padà fún ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Láti ọdún 2023, wọ́n gbé e sókè sí 35 nínú 100, lórí owó tí kò ju 85,000 dọ́là lọ lọ́dún. Ní ọdún 2024, Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ya 30 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kan náà, Ìpínlẹ̀ Illinois ṣòfin pé kí ilé iṣẹ́ ìròyìn máa dá 15,000 dọ́là dúró lórí akọ̀ròyìn kọ̀ọ̀kan, nínú owó-orí tí ó yọ lára owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò wí pé kí ìjọba tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó béèrè iye owó, ẹ jẹ́ kí a béèrè ta ni yóò yẹ ilé iṣẹ́ wò bí ó bá tọ́ sí i, àti kí ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Kánádà, ilé iṣẹ́ tí ń béèrè gbọ́dọ̀ ní akọ̀ròyìn méjì ó kéré tán. Òṣìṣẹ́ tí a ó kà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí 26 lọ́sẹ̀, kí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 40 léraléra, kí ó sì máa lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò rẹ̀ lórí ìròyìn. Ilé iṣẹ́ ìjọba kò lè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń gbé ire ẹgbẹ́ tàbí àjọ kan ga jù kò lè wọ̀ ọ́. Ìgbìmọ̀ olómìnira kan ni ó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí ó sì ń gba àwọn agbowó-orí nímọ̀ràn.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé ajọ̀ yìí wá sí Ọ̀wẹnà ní ilẹ̀ Ìdànrè, ìlú àwọn àgbẹ̀ kòkó. Bí afárá wọn bá já, ta ni yóò kọ ọ́ kí Àkúrẹ́ àti Àbújá lè gbọ́? Owena Press, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú yìí, ni ó ń tẹ The Hope ní Àkúrẹ́. Ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ajọ̀ Kánádà yóò jọ̀ ọ́ nù. Akọ̀ròyìn tí a ń sanwó fún lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan kò sí nínú ìwé owó-oṣù. A ó jọ̀ ọ́ nù pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn tí olórí òṣèlú dá sílẹ̀ ńkọ́? Azikiwe dá West African Pilot sílẹ̀ ní 1937, Awólọ́wọ̀ sì dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949. Ta ni yóò wí pé iṣẹ́ ìròyìn kọ́ ni wọ́n ṣe? Síbẹ̀, irú ajọ̀ yìí ìbá ti dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ti Illinois náà kò rọrùn fún wa. Òfin owó-orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ tí ó yẹ fún owó-orí kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san nǹkan kan. Inúure ni èyí fún òtòṣì. Ṣùgbọ́n níbi tí owó akọ̀ròyìn bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sí owó-orí tí a yọ, kò sì sí ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ yóò dá dúró. Ilé iṣẹ́ tí ó ń sanwó púpọ̀ ní Èkó ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ewu kan tún wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ ni ó ń gba owó-orí tí a ń yọ lára owó-oṣù. Bí ìjọba náà bá tún di adájọ́ ìwé ìròyìn tí ó yẹ, àwọn àgbà ti wí i tẹ́lẹ̀: ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Nítorí náà, bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá gbé irú òfin yìí kalẹ̀, kí a dá owó náà padà fún ilé iṣẹ́ ìròyìn, ìbáà má jẹ owó-orí kankan. Kí a ka akọ̀ròyìn ìlú kékeré mọ́ òṣìṣẹ́, bí ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ àti ti owó tí ó gbà bá wà. Kí ìgbìmọ̀ tí gómìnà kò lè tú ká ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti tò fún àyẹ̀wò nítorí òṣìṣẹ́ orí ìwé mọ̀ pé akọ̀ròyìn orí ìwé kò ní ṣàìyọjú.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe wí pé ẹgbẹ́ wa ni ó wà lórí oyè, kí a ṣe ajọ̀ náà bí ó ti wù wá. Pàṣán tí a fi na ìyáálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.