Ọmọ Tí Ikun Kò Gbẹ Nímú Rẹ̀

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gba àyè wa lọ́sẹ̀ yìí. Abiyamọ kan tó ń ránṣọ ló kọ ọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bí ọmọ òun ni ikun kò ti gbẹ nímú rẹ̀, ikọ́ oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò sì fi í sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Ọmọ ti pé ọdún mẹ́fà. Ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n bá ọkàn rẹ̀! Ni ìyá ọkọ bá figbe ta, ó ní èèwọ̀ ni ìyàwó jẹ nínú oyún.

Irọ́ gbáà! Dókítà Kartagener, ará Switzerland, ti kọ̀wé nípa irú àìsàn báyìí láti 1933.

Nínú imú wa àti nínú ọ̀nà tí èémí ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró, irun wẹ́wẹ́ kan wà tí ojú lásán kò lè rí. (Kì í ṣe irun imú tí à ń fi sísọ́ọ̀sì gé o.) Cilia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló ń ṣe. Á máa jù síwá jù sẹ́yìn, á máa gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, bí ẹ ṣe ń gbá iwájú ìsọ̀ yín láàárọ̀. Bí kò bá lè jù, pàǹtí á kó jọ, ikọ́ á dé.

Ọkàn apá ọ̀tún wá ńkọ́? Nígbà tí oyún ṣì kéré, irú irun yìí ló ń yí, tó ń darí omi sí apá òsì, kí ara lè mọ ibi tí ọkàn yóò wà. Bí kò bá yí, ó di bí ẹni ta kọ́bọ̀ sókè. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọkàn wọn máa ń bọ́ sápá ọ̀tún.

Ní 1976, Björn Afzelius ní Sweden yẹ àwọn ọkùnrin kan wò. Ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú àtọ̀ wọn kò lè wẹ̀. Ó fi awò alágbára wo ìrù wọn àti irun wẹ́wẹ́ ara àwọn aláìsàn náà: àwọn apá kéékèèké tó ń mú un jù kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹ ò rí i pé ìyàwó ni wọn ì bá máa lé kiri.

Kí ló mú apá yẹn sọnù? Jíìnì ni. Télọ̀ lẹ jẹ́, ìyá ọmọ, á yé yín: jíìnì dà bí pátáànì tí ara fi ń gé aṣọ rẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé kan wà nínú omi adágún, Chlamydomonas lorúkọ rẹ̀, ó ní ìrù méjì tó jọ irun yìí. Àwọn onímọ̀ ti mọ jíìnì tó bá bàjẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìrù yẹn jù dáadáa. Ní 1999, àwọn ará Faransé wá èkejì rẹ̀ lára ènìyàn, wọ́n rí i, wọ́n pè é ní DNAI1, wọ́n sì bá a pé ó bàjẹ́ lára aláìsàn kan. Lónìí, irú jíìnì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ ju àádọ́ta lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá ní ẹyọ kan tó bàjẹ́, ìyá ní ẹyọ kan, ara àwọn méjèèjì le koko. Bí AS àti AS ṣe ń bí SS ni. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á gba méjèèjì. Ẹ ka ibí yìí sí ìyá ọkọ yín létí.

A kò lè wo ọmọ nínú lẹ́tà o. Ikọ́ lè jẹ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí nǹkan mìíràn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀fóró ní ọsibítù ńlá. Ẹ sọ fún un pé láti ọjọ́ ìbí ni, kí ẹ má sọ pé “ó ti pẹ́.” Kò tíì sí oògùn tó ń tún jíìnì náà ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò láyà rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ̀dọ̀fóró má baà bàjẹ́. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kó máa fa èéfín sígá tàbí ti igi ìdáná. Ẹ sì mú fọ́tò àyà yẹn dání.