Ilé Ẹyẹ Ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Má Wo Àwọ̀ Rẹ̀

Nígbà tí mo fi àwòrán ẹyẹ kan han àwọn ọmọ kíláàsì wa, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Ṣé èyí náà lẹyẹ?" Mi ò bá wọn jà. Ẹyẹ ọ̀hún, tí wọ́n ń pè ní Seychelles warbler, ò lẹ́wà bí ọ̀kín. Gígùn rẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tó ti ń gbẹ, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Akọ àtabo rí bákan náà. Àmọ́ orin rẹ̀ dùn gan-an.

Èrò tèmi ni pé ká yéé fi àwọ̀ díwọ̀n ẹyẹ. Ilé rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Erékùṣù Seychelles nínú Òkun Íńdíà nìkan ni ẹyẹ yìí ń gbé. Inú igi tí ewé rẹ̀ pọ̀ ló fẹ́ràn, pàápàá igi kan tó ń jẹ́ Pisonia. Abẹ́ ewé ló ti ń ṣa kòkòrò jẹ. Ẹyin kan ṣoṣo ló sábà máa ń yé, àwọn ọmọ rẹ̀ mìíràn á sì dúró ti òbí wọn láti bá wọn tọ́ àbúrò. Àwa ńkọ́?

Àwọn èèyàn gé igbó, wọ́n gbin àgbọn. Ológbò àti eku tún bá wọn wọ àwọn erékùṣù náà. Nígbà tó fi máa di 1968, ẹyẹ yìí ò tó 30 mọ́ láyé, orí erékùṣù kékeré kan, Cousin, ni gbogbo wọn kù sí. Lọ́dún yẹn ni àjọ tí à ń pè ní BirdLife International lónìí ra Cousin. Wọ́n dá oko àgbọn dúró, igi ìbílẹ̀ tún hù, ẹyẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní 1988 wọ́n kó 29 lọ sí Aride, lẹ́yìn náà wọ́n kó òmíràn lọ sí Cousine, Denis àti Frégate. Lónìí wọ́n ti ju 2,000 lọ.

Ẹnì kan á ní, "Àgbọn lówó lórí, ta ló máa jẹ orin ẹyẹ?" Òótọ́ ni, àgbọn bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má dáko. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká ṣẹ́ igun kan kù. Cousin ò tó hẹ́kítà 30, síbẹ̀ òun ló gba odindi ẹ̀yà ẹyẹ kan là.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí a bá tún fẹ́ ṣán igbó ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ jẹ́ ká fi àwọn igi ẹ̀bá ọgbà sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ní kànnàkànnà nínú báàgì, ẹ̀yin náà ti gbọ́.