Sumo tí ẹ dáwó rà, ta ló ni ín?

Ẹ̀yin ayálégbé Èkó, ẹ jókòó. Mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi, torí náà ẹ má bínú.

Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, omi ò yọ mọ́ nílé tí mò ń gbé nígbà yẹn, lápá Ìpájà. Fúláàtì mẹ́fà ni wá, borehole kan, táńkì méjì. A tan sumo títí, kò fa nǹkan kan. Caretaker pe oníṣẹ́ wá. Oníṣẹ́ dé, ó tan án lẹ́ẹ̀kan, ó fetí sí i, ó ní, "Ó ti jóná. Tuntun lẹ máa rà." Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé o.

Kílẹ̀ tó ṣú, bíìlì ti dé orí WhatsApp ilé:

Sumo 1.5HP: ₦230,000
Wáyà: ₦48,000
Páìpù: ₦35,000
Okùn: ₦7,000
Owó iṣẹ́: ₦60,000

Àpapọ̀ ẹ̀, ₦380,000. Caretaker ní kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan mú ₦65,000 wá. Mo san án. Mi ò bèèrè ohunkóhun. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí mo ti ń ra omi kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ó ti sú mi.

Ìgbà tí mo sanwó tán ni mo tó ṣírò ẹ̀. ₦65,000 lọ́nà mẹ́fà, ₦390,000 ni. ₦10,000 tó lé ńkọ́? Mo bèèrè lórí WhatsApp. Caretaker fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà dá mi lóhùn. Títí dòní, àdúrà náà là ń gbà.

Ṣùgbọ́n ₦10,000 kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí rèé: ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, lẹ́tà lánlọ́ọ̀dù dé. Owó ilé kúrò ní ₦600,000, ó di ₦850,000. Ó kọ ìdí mẹ́ta síbẹ̀. Ìkejì ni pé, "a ti fi sumo tuntun sí borehole."

"A." Àwa wo, sà?

Mo ra sumo fún un tán, ó wá fi sumo yẹn gbówó lé mi lórí. Agbára mi ò ká a, mo kó jáde ní oṣù Kìn-ín-ní. Mo kó bẹ́ẹ̀dì mi, mo kó fáànù mi, mo tiẹ̀ yọ gílóòbù tí mo fi owó mi rà. Sumo tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ni mo fẹ́ fi yọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ìyẹn lọ. Ohun téèyàn ò lè kó dání lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde, kì í ṣe tiẹ̀. Ẹni tó ni ilé ló ni sumo. Òun ni kó rà á.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ̀ ń lò ó ni?" Lánlọ́ọ̀dù tiẹ̀ bi mí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù: "Ọmọ mi, ṣé èmi ni mò ń wẹ̀ níbẹ̀ ni?" Mo ní, "Rárá sà, ẹ ṣé sà." Ọjọ́ kejì ni èsì tó yẹ kí n fún un tó wá sọ́kàn mi. Àwa náà la ń sùn lábẹ́ òrùlé yín, sà. Tí ìjì bá ká páànù lọ, ṣé a máa dáwó ra páànù ni? Owó iná tí sumo ń jẹ, tiwa ni. Tí ayálégbé kan bá fi àìbìkítà bà á jẹ́, kí ẹni náà san án. Ṣùgbọ́n sumo tó gbó, tó sì kú, ara ilé ni.

Èmi kọ́ ni mo dá a sọ o. Òfin ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sọ pé àfi tí àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn, lánlọ́ọ̀dù ni kó máa tún ìta ilé àti àwọn ibi àjùmọ̀lò ṣe. Borehole kan fún fúláàtì mẹ́fà, tí ìyẹn ò bá jẹ́ àjùmọ̀lò, kí la fẹ́ pè é? Òfin yẹn tún sọ pé tí wọ́n bá gba owó iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ yín yàtọ̀ sí owó ilé, kí wọ́n já rìsíìtì ẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì máa kọ bí wọ́n ṣe ná an fún yín, ó kéré tán lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ó yọ Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Ìpájà ò sí lára àwọn tó yọ. Nítorí náà, ẹ lọ ka àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí. Èmi ò ka tèmi, ìyẹn ni ẹ̀bi mi kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sanwó fi ṣe pàtàkì. Sumo kì í ṣàdédé kú. Tí omi bá lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ ṣì ń tan án, omi tó yẹ kó máa mú un tutù ò sí, á gbóná títí á fi jó. Tí iná NEPA bá rẹlẹ̀, á máa tiraka, á gbóná. Yanrìn náà ń jẹ ẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n nígbà míì, kò sí ohun tó ṣe sumo rárá. Capacitor wà nínú àpótí ara ògiri tí a fi ń tan án. Òun ló ń ta sumo jí. Tó bá ti kú, sumo á máa kùn lásán, kò ní fa omi. Owó capacitor ò sún mọ́ ti sumo rárá.

Nílé wa, kò sẹ́ni tó ṣí àpótí yẹn. Kò sẹ́ni tó fi mítà wò ó. Ẹni tí kò ní san kọ́bọ̀, kí ló kàn án bóyá capacitor ni tàbí sumo? Ká ní àpò lánlọ́ọ̀dù ni ₦380,000 ti fẹ́ jáde ni, oníṣẹ́ mẹ́ta ni ì bá pè wá wò ó. Oníṣẹ́ tún gbé ògbólógbòó lọ. Wáyà kọ́pà wà nínú ẹ̀, wọ́n ń rí i tà. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìyẹn náà.

Mo mọ̀ pé lánlọ́ọ̀dù mìíràn wà tó jẹ́ bàbá arúgbó, owó ilé nìkan ló fi ń jẹun. Kò burú. Ẹ yá a lówó. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, pé a máa yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀. Tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ ti mọ̀ pé ẹ̀bùn ló ń gbà.

Kí ló dé tí mo fi ń kọ èyí lónìí? Lánàá, caretaker ilé tí mo kó sí kọ ọ́ sórí WhatsApp: "Ẹ kú ilé o. Sumo ti níṣòro. ₦50,000 fúláàtì kọ̀ọ̀kan." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé wọ́n ṣí àpótí, kí ni lánlọ́ọ̀dù sọ. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán, èèyàn mẹ́ta ti fi ẹ̀rí pé àwọn ti sanwó síbẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́ta yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń tẹ̀lé mi níbí. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ gba owó yín padà kílẹ̀ tó mọ́ lọ́la.