Ìbàlẹ̀ Ọkàn Kò Sí Nínú Ike Oògùn

Mọ́ọ̀kì ti dé, àyà ń já. Láàárọ̀ ọjọ́ Máàtì, ọwọ́ mi gbọ̀n débi pé mi ò lè kọ nọ́ńbà mi dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ti ra oògùn kan nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n kọ "Ayurveda" sí i lára, pé òun làwọn ará Íńdíà fi ń mú ọkàn balẹ̀. Mi ò rà á. Mo lọ kàwé nípa rẹ̀ ná.

Ayurveda ni ìṣègùn àtijọ́ àwọn ará Íńdíà. Àwọn kan á ní idán ni. Irọ́ o! Ọdún márùn-ún àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní yunifásítì níbẹ̀, ìjọba wọn sì dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2014 tó ń bójú tó òun àti yoga àtàwọn ìṣègùn ìbílẹ̀ mìíràn.

Ní Kerala, ní gúúsù Íńdíà, wọ́n ń ṣe abhyanga: wọ́n á mú òróró yànmọ̀tí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á fi pa èèyàn lára, wọ́n á máa fọwọ́ ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òmíràn ni shirodhara. Èèyàn á dùbúlẹ̀, á dijú, ìkòkò kan á wà lókè orí rẹ̀, òróró á máa ṣàn tín-ín-rín sí iwájú orí rẹ̀, nígbà míì fún bí ìdajì wákàtí. Kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ ọn.

Ẹ rántí Bàọ́lọ́jì wa. Iṣan kan ń múra ara sílẹ̀ fún ìjà tàbí eré sísá, òmíràn ń sọ fún ara pé kó sinmi. Tí àyà bá ń já, èkíní ló wà lórí oyè. Ibi tó dákẹ́, ọwọ́ tó rọ̀, èémí tí a rọra ń tú jáde, ìwọ̀nyí ló ń jẹ́ kí èkejì gbapò. Mo gbà pé ibẹ̀ ni agbára shirodhara wà. Àwọn ìyá wa náà mọ̀ ọ́n: ọmọ tuntun tí wọ́n bá wẹ̀ fún, tí wọ́n fi àdí pa lára, oorun ló kàn.

Ṣùgbọ́n ti inú ike yẹn, ẹ ṣọ́ra! Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2004, wọ́n yẹ oògùn Ayurveda 70 wò tí wọ́n ń tà ní agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà. 14 nínú wọn ló ní òjé, mákúrì tàbí arsenic. Òjé máa ń ba ọpọlọ jẹ́. N ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú, àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú o. A ò ní kí ẹ ra òróró fún wa. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré la ń bẹ̀bẹ̀ fún kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀: kí hóòlù dákẹ́, kí a rọra mí. Àsìkò yẹn gan-an la máa ń gbọ́ "Ẹni tó bá féèlì, á fojú winá!" Fọ́múlà tí mo kà mọ́jú á sì fò lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àwa náà, ká máa sùn. Kò sí òróró tó lè ṣiṣẹ́ oorun.

Físíìsì ṣì kù lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ jẹ́ ká dán an wò.