Kí Òǹtẹ̀ Ilé Kíkọ́ Mọ Ọ̀nà Oòrùn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kọ́lé, ẹ̀yin tí ẹ ń háyà ilé gbé, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ láìgba òǹtẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí ó ti ń jẹ owó wa lábẹ́lẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ wá: ooru tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́ mọ́ inú ilé, tí a sì ń fi epo àti iná mànàmáná lé jáde lójoojúmọ́ ayé.

Àwọn baba wa kò ka ìwé nípa ooru, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà rẹ̀. Ògiri alámọ̀ tí ó nípọn ni wọ́n ń mọ, tí ooru ọ̀sán kì í tètè là kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú kí oòrùn má baà rí ògiri nà. Agbo ilé sì yí àgbàlá ká, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, tí èéfín àti ooru sì ti ń bá ojú ọ̀run lọ. N kò wí pé kí a padà sí òrùlé koríko o. Iná ọyẹ́ ti kọ́ wa lọ́gbọ́n lórí ìyẹn, ẹni tí ó sì gba páànù kò jẹ̀bi. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí a sọ koríko nù, a sọ ọgbọ́n tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nù pẹ̀lú.

Òyìnbó pàápàá ti bọ̀wọ̀ fún oòrùn wa rí. Nígbà tí Maxwell Fry àti aya rẹ̀, Jane Drew, ń ya àwòrán Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé gígùn tín-ín-rín ni wọ́n yà, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó sì gba òdìkejì jáde, wọ́n sì fi ògiri oníhò ṣe ìbòjú fún ilé ìkàwé rẹ̀. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, ní tirẹ̀ da ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ní ọdún 2023, ìfihàn àgbáyé ti iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n a yin ọkùnrin náà tán, a sì padà sí ìdí gíláàsì wa.

Kí ni à ń kọ́ lónìí ná? Gíláàsì láti òkè dé ilẹ̀, irú èyí tí àwọn ará ìlú òtútù fi ń wá oòrùn kiri, ni à ń gbé ko ìwọ̀ oòrùn lójú ní Èkó. Páànù lásán ni à ń bò lé àjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fèrèsé kan ṣoṣo ni à ń fún yàrá, tí afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé kò sì rí ọ̀nà jáde. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwé àwòrán Dùbáì ni a wò. Sìmẹ́ǹtì tí a fi ń kọ́ ọ kò sì mọ́ lọ́wọ́: òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun nínú ààrò tí ooru rẹ̀ ju 1,400 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sílẹ̀, yàtọ̀ sí èéfín epo tí a fi sun ún.

Ẹ wo bí ìyà náà ti ń yí po. Ooru mú, a tan ẹ̀rọ amúlétutù. Iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀. Ariwo àti èéfín rẹ̀ bo àdúgbò, aládùúgbò sé fèrèsé. Ooru mú òun náà, ó sì ra amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì iná kan dé ₦225 fún àwọn tí ó wà ní Band A, ìsọ̀rí àwọn tí ó ń rí iná jù lọ. Amúlétutù tí ó bá jẹ yúnìtì mẹ́fà lóru, ₦1,350 ni ó jẹ yẹn. Lóṣù, ₦40,500, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí lọ́dún náà jẹ́ ₦70,000.

Àwọn kan yóò ní sólà ni òpin ìṣòro. Sólà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi í gbé amúlétutù nínú ilé tí páànù rẹ̀ ń jó bí ààrò, inú ajere ni ó ń pọnmi sí. Kí a tọ́jú ilé ná. Àwọn mìíràn yóò ní Nàìjíríà kọ́ ni ó ba ojú ọjọ́ ayé jẹ́, òótọ́ gidi sì ni. Àmọ́ Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021 pé tí ó bá fi máa di 2060, orílẹ̀-èdè yìí kò ní máa dá kún èéfín kábọ́ọ̀nù ayé mọ́, púpọ̀ nínú ilé tí a bá kọ́ lọ́dún yìí ni yóò sì wà lórí ìdúró ní 2060.

Òfin kò ṣàì sí. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde ní 2017 lórí àìfi agbára iná ṣòfò nínú ilé, tí ó ní kí fèrèsé má ju ìdá kan nínú márùn-ún ògiri lọ àfi bí ìbòjú bá wà, kí a sì fi ohun tí ń dí ooru sí abẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n láti 2003 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ìlú títò wà, nítorí náà, bí ìpínlẹ̀ kan kò bá sọ ìlànà yìí di òfin tirẹ̀, ìwé tí ó wà ní Àbújá kò lè dá kọ́lékọ́lé dúró ní Òṣogbo.

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, ẹ sọ ọ́ di òfin. Kí pílánì má gba òǹtẹ̀ bí kò bá fi hàn pé ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, tí ìlà àti ìwọ̀ oòrùn kò ti ní máa nà án, àti pé fèrèsé tí ó ṣeé ṣí, tí ó ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti irin olè, kọjú sí ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ àti sẹkitéríàtì ìjọba ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe é. Títún ilé kọjú síbòmíràn lórí pépà kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí ìpìlẹ̀ bá ti wọlẹ̀, ó ti bọ́.

Ìwọ òǹkàwé tí o ń múra àtikọ́lé, bi ẹni tí ó ya àwòrán ilé rẹ pé níbo ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò ti wọ yàrá rẹ. Bí kò bá lè dá ọ lóhùn, má ṣe san ìyókù owó rẹ̀ fún un.