Ẹ Wọn Bọ́ọ̀dù Wò Kí Ẹ Tó Dá Pírósẹ́sọ̀ Lẹ́bi

Bí kọ̀ǹpútà bá dédé kọ̀ tí kò tàn mọ́ ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà Àkókó, ìdájọ́ kan wà tó máa ń yá àwọn kan lẹ́nu: "Pírósẹ́sọ̀ ti kú, ó sì ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Méjèèjì lẹ máa rà." Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin l'Àkùngbá tí pròjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ há sínú ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó lè fi jiyàn, ni yóò bá máa wá owó kiri.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdájọ́ yẹn dorí kodò. Lóòótọ́, pírósẹ́sọ̀ tó bàjẹ́ lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́, àmọ́ kì í sábàá rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù gan-an ló máa ń pa pírósẹ́sọ̀.

Ẹ wo bí iná ṣe ń rìn. Fóltì 12 ló ń wọ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ti láptọ́ọ̀pù máa ń tó 19. Pírósẹ́sọ̀ kò sì nílò ju nǹkan bíi fóltì kan lọ. Àwọn tíránsísítọ̀ kéékèèké tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a dín iná náà kù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jó, gbogbo fóltì 12 yẹn lè ya wọ inú pírósẹ́sọ̀, ó parí nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ pírósẹ́sọ̀ ló ṣẹ́ẹ̀tì nínú, bọ́ọ̀dù òde òní máa ń já iná fúnra rẹ̀: fáànù á yí díẹ̀, á dúró. Àfi bí ààbò yẹn bá kọṣẹ́ ni tíránsísítọ̀ fi ń bá a lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwòrán pírósẹ́sọ̀ Ryzen 7 7800X3D ti ilé-iṣẹ́ AMD gba orí íntánẹ́ẹ̀tì: ìdí rẹ̀ wú, ojú ibi tó jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù sì dúdú. Ẹni tó bá rí i á ní pírósẹ́sọ̀ ló dáná sun bọ́ọ̀dù. Àṣé iná tí àwọn bọ́ọ̀dù kan ń fún un ló pọ̀ jù. BIOS tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí bọ́ọ̀dù, ni wọ́n fi dè é kó má kọjá fóltì 1.3. Ti Intel yàtọ̀. Lọ́dún 2024, pírósẹ́sọ̀ Core ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń dákú torí pé àwọn fúnra wọn ń béèrè iná tó pọ̀ jù. Pírósẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ fáwọn èèyàn. Bọ́ọ̀dù wọn wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí wọ́n bá ti jó pírósẹ́sọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, bíi ti ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní. Pírósẹ́sọ̀ Atom C2000 ti Intel kọ́ Cisco, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lọ́gbọ́n lọ́dún 2017: ibì kan ṣoṣo nínú pírósẹ́sọ̀ ló ń kú, gbogbo ẹ̀rọ ló sì ń di aláìwúlò. Bọ́ọ̀dù kò ṣẹ̀, ó kàn bá a lọ ni.

Ní Àkókó, iná ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí: iná tó ń lọ tó ń bọ̀, jẹnẹrétọ̀ tí fóltì rẹ̀ ń fò sókè sódò, àti eruku ọyẹ́ tó ń dí fáànù. Ọwọ́ ẹni tó ń tún un ṣe náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2004 ni Intel ti ń kó àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó ń so pírósẹ́sọ̀ mọ́ iná sórí bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá fi ipá ti pírósẹ́sọ̀ wọlé á tẹ̀ wọ́n.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná gan-an lè ṣini lọ́nà. Pírósẹ́sọ̀ tó lálàáfíà kì í fi bẹ́ẹ̀ dènà iná, nítorí náà mítà lè ké "píì" lórí rẹ̀, kí aṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́ sì kéde pé ó ti ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tọ́ oníbàárà ni láti sọ pé: "Ẹ fi tíránsísítọ̀ tó jó hàn mí." Kí wọ́n gbé pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n ń fura sí sórí bọ́ọ̀dù àlòkù kan tí kò wọ́n, kí wọ́n wò ó. Pírósẹ́sọ̀ tuntun kọ́ ni wọ́n á fi dán bọ́ọ̀dù tí wọn kò tíì wọ̀n wò, torí bí tíránsísítọ̀ rẹ̀ bá ti jó, á pa ìyẹn náà lójú wọn.